Bí ẹ̀wà yín kò ṣe ní í kọjá òdiwọ̀n oògùn kòkòrò tí ìjọba fi lélẹ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tí a mọ̀ sí EU, ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n fi mẹ́ta lé e. Nígbà tí ìyẹn náà pé ní 2019, wọ́n tún fi mẹ́ta mìíràn sí i. Dichlorvos ni wọ́n rí nínú ẹ̀wà náà, oògùn tó wà nínú Sniper àti nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n bá nínú àwọn ẹrù tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6 mìlígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wà ní ọjà Bódìjà, Mile 12 àti Dawanau ló gbà pé ẹjọ́ àwọn tó ń di ọjà sínú kòǹténà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, àpò kan náà ni wọ́n ń tú wọn ní kóńgò fún aládùúgbò. Kì í sì í ṣe oko ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Inú sítọ́ọ̀ ni, lọ́jọ́ tí wọ́n di ẹnu àpò. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi máa pẹ́ lórí ìpamọ́ ju orí oko lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa fi wọ̀n yín

Kò sí òdiwọ̀n kan ṣoṣo tó kárí ayé. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu nọ́ńbà: orúkọ oògùn, irú irè oko, àti ìlú tí ọjà ń lọ. Oògùn kan náà lè ní nọ́ńbà kan lórí àgbàdo, kó ní òmíràn lórí ẹ̀wà, kí ìlú kejì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Codex, ìgbìmọ̀ tí FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀, ní nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wò. Nílé, NAFDAC ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, EPA ló ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀, FDA ló sì ń yẹ oúnjẹ wò. Bìrìtìkó ti kúrò nínú EU, nítorí náà HSE, àjọ ìjọba wọn, ló ń ṣe òdiwọ̀n tiwọn. Ẹni tó ń fi ẹ̀wà olóyin ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Yorùbá ní London kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà EU ṣírò, kó ní ó ti tán.

Fún EU, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ̀fẹ́ẹ́ ni àkọsílẹ̀ wọn wà. EU Pesticides Database ni kí ẹ wá. Ẹ yan irè oko, ẹ tẹ kóòdù 0300010, ìyẹn ẹ̀wà gbígbẹ, kí ẹ sì wo oògùn tí wọ́n lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àmì ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kan, ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbé òdiwọ̀n náà sí ibi tó kéré jù tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè kà dáadáa. Lẹ́nu kan, wọn kò fẹ́ oògùn náà níbẹ̀ rárá. Oògùn tí wọn kò bá dárúkọ fún irè oko kan, 0.01 ni tirẹ̀ ní EU àti ní Japan. Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: oògùn tí kò bá ní òdiwọ̀n lórí irè oko kan, kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Òdiwọ̀n yìí kì í ṣe ìlà tó pín májèlé sí oúnjẹ. Kí wọ́n tó fi í lélẹ̀, wọ́n máa ń lo oògùn náà lóko bí ìwé ara ìgò ṣe wí, wọ́n á wọn ohun tó ṣẹ́ kù, wọ́n á wá wò ó bóyá ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní í kọjá ìwọ̀n tí ara lè gbà. Nítorí náà ẹ̀wà tó kọjá òdiwọ̀n díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀wà tó máa pa èèyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ti dichlorvos tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa yẹn kì í ṣe díẹ̀. Òfin tí EU fi dá ẹ̀wà náà dúró sọ ọ́ gbangba pé ó kọjá ohun tí èèyàn lè jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ewu.

Ìṣirò ìdérí kan

Ẹ mú bírò. Àpò ẹ̀wà kan wọn 100 kílò. Òdiwọ̀n jẹ́ 0.01 mìlígíráàmù fún kílò kan. 100 lọ́nà 0.01 jẹ́ mìlígíráàmù 1. Gbogbo dichlorvos tí òfin gbà nínú odindi àpò náà nìyẹn.

Ẹ wá wo ìgò. Níbi tí wọ́n bá kọ 1000EC sí, gíráàmù 1,000 ló wà nínú lítà kan. Mìlílítà kan gbé gíráàmù kan, ìyẹn mìlígíráàmù 1,000. Ẹni tó da mìlílítà kan péré sínú àpò ti fi ìlọ́po 1,000 kọjá òdiwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ìdérí ìgò ju mìlílítà kan lọ, ìdérí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Èsì tí wọ́n sábà máa ń mú wá ni pé oògùn náà ń fẹ́ lọ, pé bí òórùn rẹ̀ bá ti lọ, ó ti tán. Òótọ́ ni pé ó ń fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ìlọ́po 1,000 tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé orí òdiwọ̀n, ó ní láti dín sí ìdajì ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ìdajì kan ṣe máa pẹ́ tó, ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ ló ń pinnu rẹ̀. Nínú àpò tí wọ́n dì pa, tí wọ́n tò lé ara wọn dé àjà, afẹ́fẹ́ dà? Imú èèyàn kò sì lè gbóòórùn 0.01. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ó ti mọ́" kò ní ohun tó fi wọ̀n ọ́n.

Fífọ̀, rírẹ sómi àti sísè máa ń dín in kù, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú àpò, ní tútù, ni ìjọba ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkòkò kò lè gbà yín sílẹ̀ ní pọ́ọ̀tù.

Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré mìlílítà 100 ti dichlorvos. Wọ́n fi onílítà kan sílẹ̀ fún àwọn ilé ìtajà oògùn oko. Fífọ́n ọ́n sórí oúnjẹ tó wà ní ìpamọ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ látinú ìgò kékeré tàbí ńlá.

Lóko: ọjọ́ ìfọ́nkẹ́yìn ló ṣe pàtàkì

Kí ẹ tó ra oògùn, ẹ wo ohun mẹ́rin lára ìgò: nọ́ńbà NAFDAC, tí ti oògùn oko máa ń fi A5 bẹ̀rẹ̀, orúkọ kẹ́míkà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́, orúkọ irè oko tí wọ́n ṣe é fún, àti iye ọjọ́ tó gbọdọ̀ wà láàárín ìfọ́nkẹ́yìn àti ìkórè. Bí wọn kò bá dárúkọ ẹ̀wà, ẹ gbé e padà sórí àtẹ. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ 14, tí ẹ sì fọ́n ọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ẹ kò gbọdọ̀ ká ẹ̀wà ṣáájú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà.

Ibi tó ti ń yọ nìyí: ẹ̀wà kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ká ti àkọ́kọ́, òmíràn ṣì tutù lórí igi, kòkòrò tó ń lu èèpo sì ti wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ á gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, á fọ́n ọn láti dáàbò bo èyí tó kù, á wá padà wá ká èyí tó gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìkórè kejì yìí ló gba oògùn tuntun sára. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìkórè máa pé méjì tàbí mẹ́ta, ìgbà tí ẹ̀wà ń yọ òdòdó títí dé ìgbà tó ń ta èèpo ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ oògùn yín. Bí ẹ bá ti ká ti àkọ́kọ́, kò sí ìfọ́n mọ́, àfi bí ẹ bá lè dúró pé iye ọjọ́ ara ìgò. Ẹ ko ti ìkórè kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀, kí ẹ sì kọ déètì sí i.

Ìwọ̀n oògùn náà ń fa àṣejù. Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 10 lọ́nà 10. Ẹ bu omi lásán sínú tánkì, ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ náà bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹ wá wọn omi tó lọ. Bí lítà 2 bá lọ, lítà 200 ni yóò lọ fún hẹ́kítà kan. Bí ìwé ara ìgò bá ní kí ẹ lo lítà 1 fún hẹ́kítà, mìlílítà 5 ló bọ́ sí lítà omi kan, tánkì onílítà 15 yóò sì gba mìlílítà 75. Ẹ fi ife tí wọ́n fàlà sí wọ̀n ọ́n. Agolo mílíìkì kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ yẹra fún àwọn oògùn tí wọ́n ti fòfin dè tàbí tí wọ́n ti kọ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, àti chlorpyrifos láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Dimethoate ṣì wà nínú àpòpọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún ẹ̀wà, ṣùgbọ́n EU ti kọ̀ ọ́ láti 2019. Àwọn kan sì máa ń fọ́n oògùn apakoríko sórí ẹ̀wà kí ewé rẹ̀ lè tètè gbẹ fún ìkórè. Ìyẹn kò ní ọ̀nà àbáyọ kankan: orí ohun tí èèyàn máa jẹ ni oògùn náà bọ́ sí, ní ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an.

Gbígbẹ, kí ó tó wọ àpò

Ẹ̀wà tó tutù máa bu, ẹ̀wà tó bu máa ń mú kí èèyàn wá oògùn. Ẹ sá a lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ tàbí etí títì. Láti mọ̀ bóyá ó gbẹ tó, ẹ lo iyọ̀. Ẹ wá ìgò tó mọ́, tó gbẹ, tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀wà dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta iyọ̀ gbígbẹ sí i. Ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ẹ̀wà náà ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ẹ dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ bá ń já bọ́ lómìnira, ó ṣeé kó. Iyọ̀ tó ti ń ṣan omi tẹ́lẹ̀ yóò tàn yín jẹ, ẹ yan án gbẹ kí ẹ tó lò ó.

Bí kòkòrò bá ti wà nínú rẹ̀, oòrùn ọ̀sán lè pa á láìsí oògùn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀, ẹ tú ẹ̀wà sórí rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, kó má nípọn, ẹ fi ọ̀rá funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Fún wákàtí méjì ó kéré tán, ní ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an, ooru inú rẹ̀ yóò kọjá ohun tí ẹyin, ìdin àti kòkòrò lè fara dà. Ojú ọjọ́ tó ṣú kò lè ṣe é. Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kó tó wọ àpò, nítorí bí ẹ bá dì í nígbà tó gbóná, ooru rẹ̀ á di omi sára ọ̀rá.

Àpò onípele mẹ́ta

Àpò tí wọ́n ń pè ní PICS ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wá, orí ẹ̀wà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ilẹ̀ Cameroon. Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun ló wà lóde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó sé afẹ́fẹ́ mọ́ lọ: ìdin tó wà nínú ẹ̀wà á mí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò ní í lè jẹun mọ́, á gbẹ, á kú. Bí ẹ ṣe máa dì í nìyí:

1. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi etí sí i. Èyí tó bá ń sín, ẹ yọ ọ́ kúrò.
2. Ẹ ki ọ̀rá kan bọ inú èkejì, ẹ ki méjèèjì bọ inú àpò híhun, kí ẹnu wọn ṣẹ́ sóde.
3. Ẹ da ẹ̀wà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa mì í, kí igun ìsàlẹ̀ kún. Àyè tó ṣófo jẹ́ afẹ́fẹ́ fún kòkòrò.
4. Ẹ fi nǹkan bí ìwọ̀n rúlà ilé ìwé kan sílẹ̀ lókè ọ̀rá inú. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọ títí yóò fi le bí okùn, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ fi okùn rọ́bà dì í gírí.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ọ̀rá kejì, kí ẹ tó dí àpò òde.
6. Ẹ tò wọ́n sórí pákó, kí wọ́n jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì lé eku. Ihò eku kan ti tó.

Ẹ má tú u wò. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, kòkòrò tó ń kú lọ tún gbérí. Ohun tó burú jù tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á ra àpò yìí, wọ́n á tún da Sniper díẹ̀ sí i "kó lè dá wọn lójú." Ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kò ní í jẹ́ kí oògùn jáde pẹ̀lú. Ẹ̀wà yẹn ló máa burú jù ní ilé àyẹ̀wò.

Fún ìlò inú ilé, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó mọ́, tó gbẹ, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé oògùn rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. NSPRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko ní Ìlọrin, náà ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi erùpẹ̀ diatomite ṣe, tó ń fá ọ̀rá ara kòkòrò títí á fi gbẹ. Òun náà kì í fi dichlorvos sílẹ̀ nínú ẹ̀wà.

Sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ lè tako yín. Àpò àlòkù tí wọ́n ti fi oògùn sí rí, ilẹ̀ tí wọ́n fọ́n lánàá, ẹrù aládùúgbò tí wọ́n da oògùn sí tó fara ti tiyín, tírélà tó kó kẹ́míkà lọ kó tó kó ẹ̀wà bọ̀: gbogbo wọn ló ń kó oògùn ran ẹ̀wà tí ẹ̀yin fúnra yín kò fi nǹkan kan sí. Nígbà tí òdiwọ̀n jẹ́ 0.01, kò ṣòro kí ẹ̀wà kọjá rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹ ra àpò tuntun, kí ẹ sì gbá tírélà kí wọ́n tó kó ẹrù.

Ní ti tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń yọ èéfín, tí orúkọ kẹ́míkà rẹ̀ ń jẹ́ aluminium phosphide: èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé nínú yàrá tó bá pààlà pẹ̀lú sítọ́ọ̀. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló yẹ kó lò ó, lábẹ́ tapólì tí wọ́n dì, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Kò sí ìwọ̀n tó dára fún àpò ẹ̀wà nínú ilé.

Bí ẹ ṣe máa bu ẹ̀wà fún àyẹ̀wò

Èsì ilé àyẹ̀wò kò lè dára ju ohun tí ẹ bù fún wọn lọ. Oògùn tí wọ́n dà lé orí àpò kì í tàn kálẹ̀ dọ́gba. Ẹ lè bù ú ní àpò kan tó mọ́, kí ẹ sì fi àpò mẹ́wàá tó burú sílẹ̀ láìmọ̀. Ìlànà Codex fún ẹrù tí wọ́n kó pọ̀ láìsí nínú àpò nìyí: ẹrù tí kò tó 50 kílò, ẹ bù ú níbi mẹ́ta, láti 50 dé 500 kílò, níbi márùn-ún, ju bẹ́ẹ̀ lọ, níbi mẹ́wàá. Bí ó bá wà nínú àpò, tí àpò náà sì lé ní 100, ẹ bù ú nínú mẹ́wàá. Ẹ bù ú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ pò wọ́n pọ̀ sórí ọ̀rá tuntun, kí ẹ yọ ó kéré tán kílò kan fún ilé àyẹ̀wò, kí ẹ sì yọ irú rẹ̀ mìíràn, ẹ dì í pa, ẹ kọ déètì sí i, ẹ gbé e sínú fíríìsà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bá yín jiyàn ni ìyẹn máa wúlò.

Dichlorvos ń fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ fi ti ilé àyẹ̀wò ránṣẹ́ ní tútù, kí wọ́n má ṣe lọ̀ ọ́ nínú ooru. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: ṣé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ISO 17025, tó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò, fún irú àyẹ̀wò yìí gan-an? Ṣé dichlorvos wà nínú oògùn tí wọ́n ń wá? Kí ni iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè kà? Ilé àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ka ohun tó kéré ju 0.05 lọ lè kọ "a kò rí i" sórí ẹ̀wà tó ti kọjá òdiwọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ìwé ẹ̀rí tí NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ irè oko wò, ń fún ẹrù kò dípò èyí. Kòkòrò àti àrùn ewéko ni ìyẹn ń sọ̀rọ̀ lé, kò sọ nǹkan kan nípa oògùn. Ẹ sì yẹ òfin EU 2019/1793 wò kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ẹ̀wà tó ń lọ sí Yúróòpù: inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn oúnjẹ tí wọn kò jẹ́ kó wọlé wà.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ fi nọ́ńbà ibẹ̀ wé nọ́ńbà ìlú tí ọjà ń lọ. Àwọn aláṣẹ EU máa ń fi ìdá 50 nínú 100 sílẹ̀ fún àṣìṣe ẹ̀rọ kí wọ́n tó dá ẹrù lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe ìrètí. Bí ó bá kọjá, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó mọ́ kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Òfin EU kọ ìyẹn ní pàtó. Ẹ kó àwọn àpò náà sọ́tọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà èsì sí wọn lára, kí ẹ wá tọ déètì ara àpò padà sẹ́yìn: oko wo, ìkórè wo, sítọ́ọ̀ wo. Ẹ bu ẹ̀wà oko kan náà tí kò tíì wọ sítọ́ọ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Bí ti oko bá mọ́, inú sítọ́ọ̀ ni ẹ máa wá a sí.